Bàtà Tó Kọjú Sílé

Bàtà ni Otsubo kọ́kọ́ rí. Ó ti jí lọ wo oko nori rẹ̀, ewé òkun jíjẹ tó ń gbìn, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó ń rìn lórí ògiri tó dènà òkun Ariake, nígbà tó rí bàtà aláwọ dúdú kan lórí àtẹ̀gùn tí àwọn olóko ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Bàtà náà tò rẹ́gí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọkàn rẹ̀ ti sọ èyí tó kù fún un kó tó yọjú wo ìsàlẹ̀. Òkú ọkùnrin kan dojú dé nínú ẹrẹ̀, kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ sí ògiri, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Otsubo ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún òkú, ó wá pe ọlọ́pàá.

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Kabashima Rie fi máa débẹ̀, Matsuo tó jẹ́ ọ̀gá àgọ́ ti parí ẹjọ́ náà lọ́kàn ara rẹ̀. Bí Matsuo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹjọ́ tí kò bá parí kí oúnjẹ àárọ̀ tó tutù, inú á máa run ún.

"Ó pa ara rẹ̀ ni," ni Matsuo wí. "Hokao Yasunori ni, ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ibí yìí gan-an ni ìyàwó rẹ̀ kú sí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àná ló bá àwọn onírìn-àjò ọlọ́jọ́ kan wá. Láàárọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Yanagawa. Lọ́sàn-án, wọ́n jẹ ẹja unagi. Nírọ̀lẹ́, wọ́n wá wo òkun. Ó bọ́ bàtà, ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀. Kí ló tún kù?"

Kabashima ti lóṣòó ti bàtà náà. Gìgísẹ̀ bàtà ló kọjú sí òkun, imú rẹ̀ sì kọjú sí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹnì kan ti tú okùn rẹ̀, ó ti ká a wọnú bàtà dáadáa, kí ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹni tó fẹ́ lọ kú máa ń yí bàtà rẹ̀ padà ni?"

"Ta ni kì í yí bàtà rẹ̀ padà? Ìyá mi ti kọ́ mi kí n tó mọ a-b-d."

"Ẹ máa ń yí i bí ẹ bá wọ ilé onílé, torí ẹ mọ̀ pé ẹ máa jáde. Ta ló fẹ́ jáde níbí?" Kabashima dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún. "Bó bá jẹ́ òun ló yí i, a jẹ́ pé ó fẹ́ padà wá wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí kì í bá ṣe òun, a jẹ́ pé ẹlòmíràn wà níbí pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì, ọ̀gá. Kò sí ẹni tó pa ara rẹ̀ níbẹ̀."

Matsuo fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n tí kò ní. "Ọ̀la ni wọ́n máa sun òkú ẹ̀. Títí di ọ̀la ni mo fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, màá pa fáìlì dé, ìwọ náà á sì pa ẹnu dé."

*

Ọmọbìnrin olóògbé ti jókòó sí àgọ́ kí Kabashima tó padà. Chizuru ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sunkún. Irú ẹni tí kò sunkún yẹn máa ń ba Kabashima lẹ́rù ju ẹni tó ń ké lọ.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo pa á," ni Chizuru wí.

"Ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún mi ná."

"Láàárọ̀ àná, mo kọ lu bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. Bàbá mi ò mọ bàtà á tò. Bó bá bọ́ ọ, ọ̀kan á wà ní Kyushu, èkejì á wà ní Hokkaido. Màmá ló máa ń tò ó fún un. Ni mo bá bínú. Mo ní, 'Bàbá, òkú lẹ̀ ń bá gbé, ẹ ò rántí pé èmi ṣì wà láàyè.' Ó gbé akẹtẹ̀ Màmá, ó jáde. Ẹyin lohùn, ọ̀gá. Ó ti já bọ́ lẹ́nu mi, ó ti fọ́."

"Màmá yín ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe kú?"

"Ìrìn-àjò irú eléyìí náà ni. Bọ́ọ̀sì lọ, ó kù sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, omi sì kún bá a. Amọ̀nà ọjọ́ náà sọ fún ọlọ́pàá pé ó ní òun máa dá lọ sílé, kí wọ́n má dúró de òun." Ó wá gbé ojú sókè wàyí. "Mo ti ka gbólóhùn yẹn títí ó fi wọ̀ mí léegun. Ìyá mi ní kí wọ́n má dúró. Bàbá mi náà ò dúró. Mi ò béèrè pé kí ẹ mú ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi mí sílẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Kabashima láyà, ó sì ṣòro fún un láti wò ó lójú. Ó rọra béèrè pé, "Ṣé ó dá yín lójú pé bàbá yín kì í yí bàtà padà?"

"Ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ."

Kabashima kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

*

Ní etí odò àfọwọ́gbẹ́ ní Yanagawa, Umezaki atukọ̀ ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ó gùn, ó gbẹ, ó sì le bí ọ̀pá tó fi ń tukọ̀. Bó ṣe rí Kabashima ló na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ṣé ẹni tó bá olóògbé jà lẹ̀ ń wá? Èmi nìyí. Ẹ mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yín wá, ṣùgbọ́n ẹ má fún un jù, mo ní làkúrègbé."

"Kí lẹ jà lé lórí, Bàbá?"

"Lórí fìlà! Tìmùtìmù méjì ló gbà. Ó jókòó sórí ọ̀kan, ó gbé akẹtẹ̀ obìnrin lé èkejì. Ọkọ̀ sì kún. Mo ní, 'Ọ̀gbẹ́ni, fìlà kì í sanwó ọkọ̀, ẹ gbé e kúrò.' Ó ní, 'Ìyàwó mi ló jókòó síbẹ̀.' Mo ní kò sí ìyàwó níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi." Umezaki fi igbá ìgbọ́nmi sílẹ̀. "Ká tó dé abẹ́ afárá kejì, ó ti yé mi. Afárá yẹn wálẹ̀ gan-an. Bí mo bá ti pariwo, oníkálukú á dojú kan orúnkún. Òun ò tiẹ̀ bo orí ara ẹ̀, akẹtẹ̀ ló fi àyà bò. Ojú tì mí, ọ̀gá. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi."

"Kí ló ń wò lójú ọ̀nà?"

"Kì í ṣe odò, kì í ṣe òdòdó. Amọ̀nà wọn tó ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun yẹn, òun ló ń wò ṣáá. Bí ológbò tó ń wo ihò eku."

Kabashima wo iwájú ọkọ̀, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí. "Ibo ni àwọn èrò ń bọ́ bàtà sí?"

"Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ń jù ú sí rúdurùdu. Ṣùgbọ́n àná yàtọ̀! Nígbà tá a gúnlẹ̀, gbogbo bàtà ti kọjú síta lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n ti ká okùn wọnú wọn. Mo ní ha, ṣé ọkọ̀ mi ti di ilé àlejò ayé àtijọ́ ni? Mo rò pé àwọn ìyá àgbà tó wà níbẹ̀ ló ṣe é."

"Ẹ ò rí ẹni tó ṣe é?"

"Ẹni tó ń tukọ̀ kì í wo bàtà, ọ̀gá. Iwájú ló ń wò."

*

Nagae awakọ̀ ń fọ bọ́ọ̀sì nígbà tí Kabashima dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó máa ń ṣàníyàn ni. Kó tó dáhùn ìbéèrè kan, á ti nu ọwọ́ nù lẹ́ẹ̀mẹta.

"Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ la dé etíkun," ni Nagae wí. "Mo ń bu tíì fún àwọn èrò lórí pèpéle ìwòran. Ọ̀gbẹ́ni Hokao dá rìn lọ sẹ́yìn ahéré àwọn olóko nori. Nígbà tó di aago mẹ́rin, Ọ̀gbẹ́ni Muta amọ̀nà ní kí n máa wakọ̀ lọ, pé ọkùnrin náà ò bá wa padà."

"Ṣé Muta wà lọ́dọ̀ yín ní gbogbo àkókò yẹn?"

Nagae tún nu ọwọ́. "Ó lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mi ò kà á sí, ọ̀gá, ènìyàn lè jẹ unagi kó má bá a lára mu." Ó ronú díẹ̀, ó wá gun bọ́ọ̀sì, ó sì mú ẹrù kan tí wọ́n fi aṣọ dì sọ̀ kalẹ̀. "Orí ìjókòó Ọ̀gbẹ́ni Hokao ni mo ti rí èyí."

Páálí unagi àti ìrẹsì méjì ló wà nínú rẹ̀, láti ilé oúnjẹ tí wọ́n ti jẹun ọ̀sán. Ọmọbìnrin tó dì í ti fi gègé kọ ọ̀rọ̀ tí Hokao sọ sára ọ̀kan pé, *Fún ọmọ mi. Ẹ má fi ata sí i.* Kabashima di aṣọ náà padà, ó sì gbé ẹrù ọ̀hún mọ́ra bí ẹni tó gbé ọmọ sùn.

*

Muta Kiyotaka fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún un ní ọ́fíìsì àwọn onírìn-àjò. Ẹni bí ọdún márùndínláàádọ́ta ni, ohùn rẹ̀ tutù, ìrísí rẹ̀ mọ́, àánú sì kún ojú rẹ̀ dé ibi tó yẹ, kò ṣẹ́ kù, kò sì dà sílẹ̀.

"Ó dùn mí púpọ̀, ọ̀gá. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Hokao. Ká ní mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni."

"Kí ló wí fún yín gbẹ̀yìn?"

"Ó ní òun máa dá lọ sílé, kí a má dúró de òun."

Ife tíì dúró lẹ́nu Kabashima. Ó rọra mu ún, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Ibo lẹ wà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Lẹ́bàá pèpéle. Mi ò dé ọ̀dọ̀ àtẹ̀gùn yẹn rárá. Èmi ò fẹ́ràn ẹrẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tún tọrọ àforíjì pé òun rẹ́rìn-ín. "Ẹ dákun, ọ̀gá, kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́ o. Ṣùgbọ́n òun àti atukọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ síra láàárọ̀, ọ̀rọ̀ tó gbóná. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ?"

"Òótọ́ ni. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe kí ẹ tó di amọ̀nà?"

"Mo ń tajà ní Fukuoka."

"Ẹ ò ṣiṣẹ́ ilé àlejò rí?"

"Èmi kẹ̀! Kí n máa tẹ́ ẹní fún èèyàn? Rárá o."

Kabashima dúpẹ́ tíì. Nígbà tó dé àgọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fáìlì ikú Hokao Fumie, ìyàwó olóògbé, wò. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀ bí Chizuru ṣe kà á, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Sonoda Kiyotaka ni orúkọ amọ̀nà tó sọ ọ́. Orúkọ àbísọ jọra, orúkọ ìdílé ló yàtọ̀. Kabashima yẹ ìwé ìgbéyàwó ìlú wò. Lọ́dún tó kọjá ni Sonoda fẹ́ ọmọ ilé Muta tí kò ní arákùnrin, ó sì gba orúkọ ilé àna rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọkọ ṣe ń ṣe kí orúkọ ilé aya má baà parẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti ṣe rí wà lábẹ́ orúkọ àtijọ́: ọdún mọ́kànlá ló fi jẹ́ olùtọ́jú bàtà ní ilé àlejò olómi gbígbóná kan.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìyá Kabashima ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú. Ó mọ ohun tí ọdún mọ́kànlá máa ń ṣe sí ọwọ́ ènìyàn.

*

Gbọ̀ngàn ìjàkadì wà lẹ́yìn àgọ́ ọlọ́pàá, ẹní ni wọ́n tẹ́ sí i láti ògiri dé ògiri, kò sì sí ẹni tó ń wọ bàtà débẹ̀. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, Kabashima pe Matsuo, Umezaki, Nagae àti Chizuru síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà wọn dànù sẹ́nu ọ̀nà bó bá ṣe wù wọ́n. Umezaki ju tirẹ̀ sókè tayọ̀tayọ̀, ọ̀kan sì bọ́ lé ti Matsuo lórí. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dá fún Muta.

Muta dé lásìkò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bàtà tó fọ́n káàkiri. Láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó, Umezaki sì ti ṣí ẹnu kí Kabashima tó fi ìka lé ètè. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀. Ó kó bàtà jọ ní méjì méjì, ó kọ imú wọn síta, ó fi àyè ẹ̀ṣẹ́ kan sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ká okùn wọnú àwọn tó lókùn. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló to tirẹ̀ sí ìparí, ó wọlé, ó sì tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé mi ò pẹ́?"

"Ẹ ò pẹ́," ni Kabashima wí. "Ẹ jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Sonoda, àbí Muta ni kí n pè yín?"

Àánú tó wà lójú ọkùnrin náà kò kúrò, ṣùgbọ́n ó dì bí ọ̀rá tó tutù. "Orúkọ ilé àna mi ni mò ń jẹ́. Òfin gbà á."

"Òfin gbà á. Kí ló dé tí ẹ ní ẹ ò ṣiṣẹ́ ilé àlejò rí?"

"Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ṣé ìtìjú náà ti di ẹ̀sùn ni?"

"Ẹ wo ẹnu ọ̀nà." Kabashima ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu. Gbogbo bàtà kọjú síta, wọ́n tò gbọnrangandan. "Ta ní kí ẹ tò ó?"

Muta wo bàtà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo bàtà. Ó jọ pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni. "Ẹnikẹ́ni tó ní ìwà ọmọlúàbí..."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe nínú ọkọ̀ Bàbá Umezaki. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lórí àtẹ̀gùn tí ẹ ní ẹ ò dé rí. Hokao kì í to bàtà, ọmọ ẹ̀ tó jókòó yìí lè búra. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ rúdurùdu, ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ fi akẹtẹ̀ ìyàwó ẹ̀, tí a ò tíì rí, sójú omi. Ó fẹ́ padà wá wọ̀ ọ́. Oúnjẹ ẹni méjì wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé lọ sílé. Ẹ tì í láti ẹ̀yìn, ẹ gòkè, ẹ sì rí bàtà." Kabashima sún àwo tàdáwà ìtẹ̀ka síwájú rẹ̀. "Ẹ ì bá ti fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, Ọ̀gá Matsuo ì bá ti pa fáìlì dé láàárọ̀ àná. Ṣùgbọ́n àṣà ti di bárakú sí yín lọ́wọ́. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín kí ẹ tó ká okùn. A rí àmì àtàǹpàkò kan lábẹ́ ahọ́n bàtà òsì, níbi tí wọ́n ki okùn sí. Kì í ṣe ti Hokao. Ẹ tẹ ìka yín síbí ká wò ó."

Muta na ọwọ́, ó sì fà á padà. Ó tún nà án. Lẹ́yìn náà ló dojú bolẹ̀ lórí ẹní.

"Mo gbàgbé obìnrin náà ni," ló wí, ohùn rẹ̀ kò tutù mọ́. "Lọ́dún méjì sẹ́yìn. Òjò ń bọ̀, mi ò ka èrò. A ti rìn jìnnà kí n tó mọ̀ pé ó kù sẹ́yìn, mo sì rò pé ó máa wọ takisí. Nígbà tí wọ́n rí òkú ẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo ní ó ní ká má dúró. Kò sọ nǹkan kan rí. Ẹnì kan tó wà nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn ti kọ lẹ́tà sí ọkọ ẹ̀ pé irọ́ ni mo pa."

"Kí ni Hokao fẹ́ lọ́wọ́ yín?" ni Kabashima bi í. "Ṣé ó ní òun máa fà yín lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?"

"Rárá. Ó ní kí n kàn tẹ̀ lé òun lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, kí n sọ fún ọmọ òun pẹ̀lú ẹnu mi pé ìyá ẹ̀ ò mọ̀ọ́mọ̀ kù sẹ́yìn. Ìyẹn nìkan. Mo ro ti ìyàwó mi, mo ro ti iṣẹ́ mi, mo tì í. Ẹrẹ̀ gbé e dé ìbàdí, omi sì ti ń kún bọ̀. Ó ń pè mí, atẹ́gùn sì ń gbé ohùn ẹ̀ lọ sójú òkun." Ó gbé ojú sókè, kò wo ẹnikẹ́ni àfi bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mo wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú méje kí bọ́ọ̀sì gbéra."

Umezaki fẹ́ dìde, Nagae sì dì í mú. Matsuo fúnra rẹ̀ ló fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Muta lọ́wọ́. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kabashima, ó ní, "Irọ́ lè rin ogún ọdún, òtítọ́ á lé e bá lọ́jọ́ kan," bí ẹni pé òun ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Chizuru kò tíì mira. Kabashima lọ jókòó tì í lórí ẹní.

"Ẹ gbọ́ ọ," ló wí. "Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi yín sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń bọ̀ wá sílé."

Nígbà náà ni ọmọ náà tó sunkún, ẹkún ọdún méjì, tó fi jẹ́ pé ọlọ́pàá kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà jáde lọ dúró nínú ọgbà.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí wọ́n ti sun òkú tán, Kabashima mú akẹtẹ̀ lọ sí ilé Hokao. Otsubo ló rí i níbi tó há sí lára òpó oko nori, ó ti fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ó sì ti sá a gbẹ. Umezaki náà fi unagi ránṣẹ́, fún ẹni méjì, ọ̀kan láìfi ata sí i. Ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ìgbàkigbà tó bá wù ú láti wọ ọkọ̀ òun, akẹtẹ̀ ní ìjókòó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Chizuru ṣí ìlẹ̀kùn. Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, sálúbàtà àgbàlagbà ọkùnrin kan wà nílẹ̀. Ọ̀kan kọjú sí ògiri, èkejì dojú dé lábẹ́ agbòòrùn. Kí Kabashima tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti nà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Chizuru wí, "ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ló bọ́ ọ síbẹ̀."

Kabashima ká ọwọ́ kò. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, ó sì tẹ̀ lé e wọlé lọ jẹun.